Ẹgbẹ́ Tó Gbé Àsíá Nàìjíríà Gun Orí Omi Dídì

Ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja létí òkun Àgbádárìgì pé kí ni wọ́n ń fi omi dídì ṣe. Kíá ni yóò dá yín lóhùn pé ẹja làwọn fi ń tọ́jú kó má bàa bàjẹ́. Ẹ bi ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá ní ibùdókọ̀ Sẹ̀mẹ̀, yóò ní òun ń kó o sínú kúlà kí ọjà òun lè tutù. Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún yín nínú wọn pé eré ìje ni wọ́n ń sá lórí rẹ̀. Oòrùn tiwa kò gba irú ìyẹn láyè. Áìsì blọ́ọ̀kù tó bá jáde nínú kóòlù-rúùmù ní aago mẹ́wàá àárọ̀, bí ẹ kò bá fi àpò bò ó dáadáa, kó tó di ọ̀sán, omi lásán ló kù nílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ní oṣù kejì ọdún 2018, àsíá Nàìjíríà fẹ́ lẹ́lẹ́ níbi ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang, ní ilẹ̀ Gúúsù Kòríà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orílẹ̀-èdè wa yóò yọjú síbi irú ìdíje bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ló gbé e lọ. Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò pẹ́ rárá. Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n sá eré wọn tán ní Kòríà, kò tó ọdún méjì àbọ̀. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé bí a bá dárúkọ wọn láàárín àwa ara wa, ẹyọ gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí: "Àwọn tó gbẹ̀yìn yẹn?" Òótọ́ ni, wọ́n gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìtàn náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ mọ irú eré tó jẹ́. Bobsled ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ kan ni, ó rí gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, àmọ́ irin pẹlẹbẹ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dípò táyà. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹni méjì tàbí ẹni mẹ́rin ni yóò dì í mú, wọn yóò sáré tì í bíi àádọ́ta mítà pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, wọn yóò sì fò wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kòtò gígùn tí wọ́n fi omi dídì tẹ́, tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Ẹni iwájú ń fi okùn darí, ẹni ẹ̀yìn ni yóò fa bíréèkì nígbà tí wọ́n bá dé òpin. Eré rẹ̀ máa ń ju 120 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá ti há sójú ọ̀nà Mile 2 sí Àgbádárìgì rí yóò mọ̀ pé ọkọ̀ tiwa tó ní ẹ́ńjìnnì gan-an kì í sábà rí ààyè sá irú eré bẹ́ẹ̀.

Àwọn olówó tó máa ń lọ gbafẹ́ ní St. Moritz, ní ilẹ̀ Switzerland, ló dá eré yìí sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó wọ Òlíńpíìkì ní 1924, àmọ́ ọkùnrin nìkan ni wọ́n gbà láyè. Ó di ọdún 2002, ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó jẹ́ kí obìnrin wọ̀ ọ́. Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n fi dúró lẹ́nu ọ̀nà! Ẹ sì wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn: obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Vonetta Flowers, tó ti máa ń sáré tó sì máa ń fo ìfò gígùn tẹ́lẹ̀, wà nínú ọkọ̀ tó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù.

Ìdí abájọ kò ṣòro. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ yára, ẹ wá ẹni tó lè sáré tì í. Nítorí náà làwọn olùkọ́ni bobsled fi máa ń wá àwọn sáréjẹ lọ. Ní Sochi ní ọdún 2014, Lauryn Williams, tó gba wúrà nínú eré ọlọ́pàá fún Amẹ́ríkà ní London ní 2012, tún gba fàdákà nínú bobsled. Lolo Jones tó ń sáré onídènà náà wà níbẹ̀.

Ibí yìí ni Seun Adigun ti wọlé. Chicago ni wọ́n bí i sí ní 1987, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀. Ó sáré fún yunifásítì Houston, ó sì sáré onídènà 100 mítà fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì London ní 2012. Lẹ́yìn tó fi eré orí ilẹ̀ sílẹ̀, ó lọ bá ẹgbẹ́ bobsled Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ti ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, yóò jókòó síbẹ̀. Ọkọ̀ wà, olùkọ́ wà, ojú ọ̀nà omi dídì wà, owó wà. Ṣùgbọ́n ó ro ó pé títí di ìgbà yẹn, kò sí orílẹ̀-èdè kankan ní Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó ti gbé ẹgbẹ́ bobsled lọ sí Òlíńpíìkì rí. Ó kúrò níbi tí ohun gbogbo wà, ó lọ síbi tí kò ti sí nǹkan kan.

Kò sí ọkọ̀. Kí ló ṣe? Ó lọ ra pákó, ó ra ìṣó, ó wọ ilé ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ ní Houston, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ onípákó. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ti ọkọ̀ àti bí a ṣe ń fò wọ̀ ọ́, ní ìlú tí ooru rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Èkó. Ó sọ ọkọ̀ náà ní Maeflower.

Orúkọ yẹn ló dá mi dúró. Mayflower ni orúkọ ọkọ̀ òkun tó gbé àwọn ará England kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620, àwọn tó lọ fúnra wọn láti wá ayé tuntun. Ṣùgbọ́n Seun yí i padà díẹ̀, ó fi Mae síbẹ̀. Arábìnrin rẹ̀ kan tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa ní 2009 ló ń jẹ́ ìnagijẹ tó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ kí orúkọ náà máa bá wọn rìn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Àgbádárìgì yóò mọ ìdí tí orúkọ ọkọ̀ fi lè dá ènìyàn dúró. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gbẹ́rẹ̀fù, ẹ ó rìn lórí yanrìn dé etí òkun, níbi tí wọ́n ń pè ní ojú ọ̀nà àìpadàbọ̀. Láti etí òkun yìí ni wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa sínú ọkọ̀ lọ sí Brazil àti sí àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe ayé tuntun làwọn yẹn ń wá lọ. Kànga kan wà lójú ọ̀nà ibẹ̀, ìtàn àwọn ará àdúgbò sọ pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Àwọn yẹn ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Obìnrin yìí ní tirẹ̀ kọ orúkọ sára pákó kí wọ́n má bàa gbàgbé. Òun tí wọ́n bí sí ìhà kejì òkun, àsíá ìhà ibí ló sì yàn láti gbé.

Ọ̀nà kan ò wọjà, àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ ọn. Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ti sáré fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì jẹ́ ọmọ àwọn ará Nàìjíríà. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó rí i pé ọmọ Yorùbá kan àti ọmọ Ìgbò méjì ni wọ́n jọ ń ti ọkọ̀ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá.

Owó ni olórí ìṣòro. Ọkọ̀ bobsled gidi kì í ṣe ohun tí a ń fi owó kékeré rà. Àṣíborí, bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀ kó má bàa yọ̀, owó ọkọ̀ òfúrufú, owó ilé, owó olùkọ́ni, gbogbo rẹ̀ ń dúró. Wọ́n gbé àwo ìtọrọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní 75,000 dọ́là làwọn ń wá. Àwọn ará ìlú dá a fún wọn, díẹ̀ díẹ̀, títí tó fi pé. Ilé iṣẹ́ Visa náà wá dúró tì wọ́n. Níhìn-ín nílé, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó eré bobsled àti skeleton ní Nàìjíríà, Solomon Ogba tó ti ṣe olórí àjọ eré ìje orí pápá ni wọ́n fi ṣe ààrẹ rẹ̀. Láìsí àjọ ní ilé, kò sí orílẹ̀-èdè tó lè forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Òfin tún ní kí wọ́n kọ́kọ́ sá eré márùn-ún parí kí wọ́n tó lè yẹ fún Òlíńpíìkì. Wọ́n sá a ní Amẹ́ríkà, wọ́n sá a ní Kánádà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ní Calgary, wọ́n parí ìkarùn-ún. Ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí pákó ti gba ìwé ìwọlé.

Láàárín àkókò yẹn kan náà ni ọmọ Yorùbá mìíràn tún yọ. Simidele Adeagbo ni. Kánádà ni wọ́n bí i sí, ó gbé Nàìjíríà nígbà èwe rẹ̀, ìfò ẹlẹ́ẹ̀mẹta ló sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó ń ṣiṣẹ́ jẹun rẹ̀ ní Johannesburg. Ó gbọ́ ohun tí àwọn mẹ́ta yìí ń ṣe, ó ní òun náà yóò lọ. Skeleton ni tirẹ̀, èyí tí ènìyàn kan ń dá sá: pẹpẹ kékeré kan ni, ẹ ó dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, orí yín ni yóò ṣíwájú, àgbọ̀n yín fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan omi dídì. Láàárín oṣù díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó ti yẹ fún Òlíńpíìkì. Kò sí obìnrin Áfíríkà tó ṣe é rí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì 2018, Ngozi ló gbé àsíá wa wọ pápá. Simidele sá tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, ó sì ṣe ipò ogún nínú ogún. Ní ogúnjọ́ àti ọjọ́ kọkànlélógún, Seun wa ọkọ̀, Akuoma wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn kò sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Nínú ogún ọkọ̀, tiwọn ló dé kẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ṣíwájú wọn gẹ́lẹ́ ni ti àwọn obìnrin Jàmáíkà, tí àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́. Jámánì ló gba wúrà, Mariama Jamanka ló wa ọkọ̀ wọn, ọmọ Gáḿbíà sì ni bàbá rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà níwájú, ó sì wà lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, ó wà nínú ohun tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Jámánì ní ojú ọ̀nà omi dídì tirẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Gbogbo Áfíríkà kò ní ẹyọ kan.

Mo rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń jiyàn nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n rìnrìn àjò lọ síbẹ̀ lọ gbẹ̀yìn ni? Kí ni wọ́n ń wá kiri?" Bàbá kan tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ wò ó. Ó ní, "Ọmọ mi, nínú gbogbo wa tó dúró síbí, ipò kélòó nìwọ ṣe?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí.

Ṣùgbọ́n kò parí lọ́kàn mi, nítorí kì í ṣe ibi tí ìbéèrè wà gan-an nìyẹn. Gbígbẹ̀yìn kì í ṣe ohun tuntun fún àwọn tó bá kọ́kọ́ dé ibì kan. Lamine Guèye ti Sẹ́nẹ́gà ló kọ́kọ́ lọ láti Áfíríkà aláwọ̀ dúdú, ní Sarajevo ní 1984. Philip Boit ti Kẹ́ńyà lọ sí Nagano ní 1998, ó sì gbẹ̀yìn níbi ìrìn orí yìnyín. Bjørn Dæhlie tó gba wúrà dúró dè é ní òpin ojú ọ̀nà kó lè dì mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí nípa Boit ni pé ó padà lọ ní 2002, ó sì tún padà lọ ní 2006.

Ẹ tún wo Jàmáíkà. Ní 1988, ní Calgary, àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti erékùṣù olóoru yẹn gbé bobsled wá. Ohun tó mú èrò náà wá ni eré tí àwọn ará Jàmáíkà máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù sá láti orí òkè, kẹ̀kẹ́ tí kò yàtọ̀ sí ọmọlanke tiwa. Ní ìsọ̀kalẹ̀ wọn kẹta, ọkọ̀ dojú dé, orí wọn ń wọ́ nílẹ̀ omi dídì. Wọ́n dìde, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé òpin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn. Wọn kò tilẹ̀ parí eré. Ayé rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ṣe fíìmù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Jàmáíkà wo ẹ̀yìn, ó rí ibi tó ti kọsẹ̀. Wọ́n padà wá ní 1992. Ní 1994, ní Lillehammer, wọ́n ṣe ipò kẹrìnlá nínú ti ẹlẹ́ni mẹ́rin, wọ́n sì fi Amẹ́ríkà sẹ́yìn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rí ààyè lọ; wọn kò yẹ ní 2006 àti 2010. Ní 2018, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dàrú mọ́ àwọn obìnrin wọn lọ́wọ́, ilé ọtí wọn kan, Red Stripe, ló ra òmíràn fún wọn. Ní Beijing ní 2022, ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin wọn ṣe ipò kejìdínlọ́gbọ̀n nínú méjìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n gbẹ̀yìn bíi tiwa. Àmọ́ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣubú ni wọ́n ń gbẹ̀yìn yẹn, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ní Beijing kan náà, kò sí bobsled Nàìjíríà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣojú wa, Samuel Ikpefan, tó ń fi ìrìn orí yìnyín díje, Faransé ló sì ti dàgbà. Simidele gbìyànjú láti wá ọkọ̀ tí obìnrin kan ń dá wà, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ Òlíńpíìkì lọ́dún náà, ṣùgbọ́n kò rí ààyè lọ. Seun padà sídìí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú egungun tó ti ń kọ́ bọ̀.  Ẹgbẹ́ náà sì parí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó kéde ikú rẹ̀.

Mo ti ro ó síwá sẹ́yìn. Àìsí omi dídì nílẹ̀ wa kọ́ ló pa á, nítorí Jàmáíkà kò ní omi dídì. Àìsí owó nìkan náà kọ́, torí owó ń wọ́n àwọn aláwọ̀ funfun pẹ̀lú: ojú ọ̀nà Calgary tí ẹgbẹ́ wa ti gba ìwé ìwọlé gan-an, wọ́n tì í pa ní 2019 nítorí wọn kò rí owó tún un ṣe. Ohun tí mo rí ni pé orí ènìyàn ni wọ́n kọ́ ilé náà lé. Ẹnì kan ló ronú rẹ̀, òun ló kan pákó, òun ló wa ọkọ̀, òun ló tọrọ owó. Nígbà tí òun sinmi, gbogbo rẹ̀ sinmi. Kò sí ẹni tó ń tọ́ àwọn ọmọ ogún ọdún dàgbà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó lọ sí àwọn pápá ìdárayá wa láti wo ọmọ tó lè sáré àádọ́ta mítà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Báyìí ni ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe ń kú lọ́dọ̀ wa. A ó pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, a ó ya fọ́tò, a ó sì lọ sílé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi ń pàtẹ́wọ́ lásán kì í ti ọkọ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a máa pè wọ́n ní àwọn tó gbẹ̀yìn. Àwọn ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ẹnikẹ́ni tó bá tún lọ lẹ́yìn wọn, ipasẹ̀ wọn ni yóò tẹ̀ lé. Tí a bá ń wá ẹni tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwa tó dúró sẹ́yìn ni.

Ó ku ẹni tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn yóò ní ọkọ̀ gidi wọ́n, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n pákó ni Seun Adigun fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn káfíńtà wà létí ọ̀sà Àgbádárìgì tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ojoojúmọ́, tí ọkọ̀ wọn ń ru ènìyàn àti ẹrù kọjá. Bí ẹ bá fi àwòrán han èyíkéyìí nínú wọn lọ́jọ́ Ajé, yóò bi yín pé pákó wo lẹ fẹ́.